Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rín sọ níbi iṣẹ́: èwo ni kí n dáhùn, èwo ni kí n gbójú fò?

Mojí_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Ìlú Ọba ni mo fẹ́ bi, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ̀rọ̀ kan nípa àwọ̀ yín tàbí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá, tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, tí kò sì jọ pé ó fẹ́ bú yín, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá yín délé, tó bá yín dórí ibùsùn, kí lẹ máa ń ṣe?

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe é kí n tó wá. Ìlú kan ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà báyìí, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fi mí sí. Àwa méjì péré ni nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, èmi àti ọmọ Zimbabwe kan. Èmi ga, òun kúrú. Èmi máa ń dirun, òun gé tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí, tèmi ni wọ́n fi ń pè é. Bí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á ní, "Má bínú, ẹ jọra jù ni." Dókítà kan tiẹ̀ jágbe mọ́ mi lójú aláìsàn pé kí ló dé tí mi ò tíì fún bàbá náà ní oògùn tí òun ní kí n fún un. Ẹnì kejì mi ló bá sọ ọ́. Èmi ò tilẹ̀ tíì dé ibi iṣẹ́ nígbà tó sọ ọ́.

Orúkọ mi gan-an, Mojísọ́lá, ọ̀gá wọ́ọ̀dù ní ó gùn jù, pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Molly. Kí n tó fèsì, wọ́n ti kọ Molly sójú pátákó.

Wọ́n á ní, "Gẹ̀ẹ́sì ẹ mà dáa o!" Ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì tún ṣe ìdánwò IELTS kí wọ́n tó fi orúkọ mi sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì níbí. Ọwọ́ ti máa ń wà nínú irun mi kí ẹni tó ni ọwọ́ tó bi mí pé, "Ṣé irun ẹ ni?" Bí aláìsàn tó sanra bá wà tó yẹ ká gbé, èmi ni wọ́n ń ké sí: "Ẹ̀yin ará Áfíríkà lágbára ju àwa lọ." Bí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní yàrá tá a ti ń sinmi, wọ́n á bi mí pé ta ni mò ń bá jà. Èyí tó wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ti obìnrin kan tó ń ran àwa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá ibí ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Èmi tí mo ti fi ẹ̀rọ yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì!

Ká ní èèyàn burúkú ni wọ́n, ì bá rọrùn fún mi. Obìnrin yìí kan náà ló yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ tó bá mi ṣiṣẹ́ nígbà tí ara ọmọ mi ò yá. Ó máa ń ra bisikíìtì wá fún mi. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ láéláé pé mo pe òun ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ọkọ mi ní kí n gbájú mọ́ṣẹ́, pé owó la bá wá, a ò bá ìjà wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Manchester ní tó bá ṣe òun ni, òun á ti kọ̀wé ẹ̀sùn. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ náà ló ṣe onígbọ̀wọ́ fíísà mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Èwo nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló yẹ kí n dáhùn, báwo ni kí n sì ṣe dáhùn ẹ̀?

Bàbá_Dúró

Àbúrò, kú ìfaradà. Birmingham lèmi wà, mo ti wa bọ́ọ̀sì níbí ju ogún ọdún lọ, kò sí èyí tí mi ò tíì gbọ́ nínú ẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o fi sílẹ̀. Bí òyìnbó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá, ṣé àwọn ọmọ wa ò ní sáré tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa pariwo "Òyìnbó pepper"? Ta ló ka ìyẹn sí èébú? Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn yìí, wọn ò kọjá àdúgbò wọn rí. Àìmọ̀ ni, kì í ṣe ìkórìíra. Ro ọ̀rọ̀ fíísà yẹn dáadáa. Jẹ́ kí ìwé ìgbélùú ẹ jáde ná, lẹ́yìn náà lo lè sọ ohun tó wù ẹ́.

Àǹtí_Lewisham

Bọ̀dá Dúró, mo kí yín o, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Nínú àwọn ọmọ tó ń pariwo tẹ̀ lé òyìnbó ní Dùgbẹ̀, kò sí èyí tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí èyí tó máa jókòó lópin ọdún kọ ohun tó rí nípa iṣẹ́ ẹ̀. Bí òyìnbó yẹn bá wọ báńkì, wọ́n á gbé àga fún un. Ẹni tó ń pe Mojí ní Molly ló ń pín ṣíìfù fún Mojí. Ìwé ìgbélùú tẹ́ ẹ ní kó dúró dè yẹn ńkọ́? Ọdún márùn-ún ni, ó kéré tán. Ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù fún èèyàn láti fi jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mojí, àbúrò mi, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ níbí, mo sì ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí mo wà. Mi ò ní sọ pé kó o dáhùn gbogbo ẹ̀. Á rẹ̀ ẹ́ kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n má fi ẹ̀rín ẹni tó ń sọ ọ́ wọn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sí iṣẹ́ ẹ àti sí ara ẹ ni kó o fi wọ̀n ọ́n.

Ti orúkọ tí wọ́n ń pààrọ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ mú, kí ìwọ àti ọmọ Zimbabwe yẹn sì jọ mú un. Bí dókítà ò bá mọ ẹni tó pàṣẹ oògùn fún, àfàìmọ̀ kí aláìsàn má gba oògùn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó má tiẹ̀ rí i gbà rárá. Kọ ọ́ sí Datix, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn fi ń gba ìròyìn àṣìṣe àti ewu, pé ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn ni, torí pé ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Kọ ọjọ́, wákàtí, oògùn, ẹni tó pàṣẹ, ẹni tó pàṣẹ fún, ẹni tó wá bá wí. Má kọ nǹkan kan nípa bó ṣe dùn ẹ́ tó síbẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa lè sọ pé ara ẹ ló tètè ń gbóná.

Ti gbígbé aláìsàn ló tẹ̀ lé e, mi ò sì fojú kékeré wo ìyẹn rárá. Ìgbàgbọ́ pé ara èèyàn dúdú le, pé kì í gbọ́ ìrora, ti pẹ́ láyé, ó sì ti ṣe àwọn obìnrin wa ní jàǹbá. Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1845 sí 1849, dókítà kan tó ń jẹ́ J. Marion Sims fi ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ abẹ lára àwọn obìnrin ẹrú léraléra, láìfún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ ìrora. Mẹ́ta la mọ orúkọ wọn: Anarcha, Betsey, Lucy. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé ère dókítà yẹn kúrò ní Central Park ní New York. Ó wu èèyàn kó sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Virginia bi àwọn òyìnbó tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà léèrè ọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì gba ọ̀kan, ó kéré tán, gbọ́ nínú irú irọ́ bíi pé awọ èèyàn dúdú nípọn ju ti funfun lọ. Níbí lọ́dọ̀ wa, ìròyìn MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú aboyún àti ìyá ọmọ, ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé bí obìnrin dúdú ṣe ń kú nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé "ẹ̀yin lágbára", ṣé á tètè dìde bí aboyún dúdú bá ń ké? Yàrá ìbímọ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá tún ké sí ẹ pé kó o wá gbé, bi wọ́n pé, "Hoist, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, dà? Èèyàn méjì ló ń lò ó. Ìwọ náà, wá."

Ẹni tó bi ẹ́ nípa ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ Ngozi Fulani, obìnrin dúdú tó ń darí àjọ kan tó ń ran àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n hùwà ipá sí lọ́wọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n pè é sí ààfin Buckingham, síbi ìkórajọ tí Camilla, ìyàwó Ọba Charles, ṣe nítorí ìwà ipá sí àwọn obìnrin. Lady Susan Hussey, tó ti bá Ọbabìnrin Elizabeth ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bi í pé níbo ló ti wá. Fulani ní Hackney. Ìyá náà ní rárá, níbo gan-an lẹ ti wá? Ó bi í títí. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí Fulani sí. Hussey fi ipò ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì pàdé ní ààfin, ó tọrọ àforíjì, Fulani gbà á, ó sì gbà pé kò ní èrò ibi lọ́kàn. Èrò ibi ò sí níbẹ̀, àmọ́ ó dun Fulani, àforíjì sì tọ́ sí i. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èébú tí àwọn èèyàn rọ́ lé Fulani lórí lẹ́yìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé ní oṣù Kẹta 2023 ó fi ipò olórí àjọ Sistah Space tí òun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ra bisikíìtì, má pè é ní orúkọ kankan. Bẹ́ ẹ bá jọ ń mu tíì, tí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, sọ fún un pé: "Ọ̀rọ̀ tó o bi mí nípa ẹ̀rọ yẹn dùn mí. Mo ti fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má rẹ́rìn-ín láti fi tù ú nínú. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá, nítorí ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká má jẹ́ kójú ti èèyàn níwájú wa. Jẹ́ kójú tì í díẹ̀. Ẹni tó lè yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ nítorí ọmọ ẹ, yóò lè gbọ́ èyí. Tó bá wá tún sọ irú ẹ̀ lẹ́yìn tó o ti sọ fún un, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Irun kò gba àlàyé. Yẹrí, kó o ní, "Má fọwọ́ kàn án."

Ní ti orúkọ Molly, nu ún kúrò lójú pátákó lọ́la, kó o kọ Mojísọ́lá síbẹ̀. Àwọn tó ń pe orúkọ oògùn wárápá bíi levetiracetam lójoojúmọ́ láìkọsẹ̀ lè pe Mojísọ́lá.

Nípa òfin: Equality Act ti ọdún 2010, abala 26, kò fi mọ sórí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó sọ̀rọ̀. Bí ìwà tí o kò fẹ́, tó jẹ mọ́ àwọ̀ ẹ tàbí ilẹ̀ tó o ti wá, bá tẹ iyì ẹ mọ́lẹ̀ tàbí tó sọ ibi iṣẹ́ di ibi ẹ̀tẹ́ fún ẹ, òfin lè kà á sí ìfìtínà, ì báà jẹ́ pé ó pète ẹ̀ tàbí kò pète ẹ̀. Wọ́n á wo bó ṣe rí lára ẹ, wọ́n á sì tún wo bóyá ó bọ́gbọ́n mu kó rí bẹ́ẹ̀ lára èèyàn. Abala 27 kò gbà kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé o fẹjọ́ sùn. Ẹni tó ń lo fíísà wà lábẹ́ òfin yìí bíi ti ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó kọ̀wé ẹ̀sùn kankan, wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, RCN tàbí UNISON. Wọ́n kì í sábà gba ẹjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó wọlé, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó sunkún nítorí ìyẹn. Bó bá sì fẹ́ di ti ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àkókò tí òfin fi sílẹ̀ kò gùn, Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, lo sì máa kọ́kọ́ kàn sí.

Ọlá_Houston

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ irun ti di òfin. California ló kọ́kọ́ ṣe òfin CROWN ní 2019, pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí irun dídì tàbí dàda fìyà jẹ èèyàn níbi iṣẹ́ tàbí nílé ìwé. Ti Texas bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Mojí, kò sí ẹni tó máa sọ pé o ń ṣàṣejù bó o bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan tìẹ.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu tiwa náà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, bàbá kan tá a jọ jókòó ń sọ nípa àwọn aládùúgbò ẹ̀ tó jẹ́ dúdú Amẹ́ríkà pé akátà ni wọ́n, pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Texas ni wọ́n bí i sí, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà sì ni ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn jù. Nínú ọkọ̀ ló ti bi mí pé, "Dáddì, ṣé akátà ni èmi náà?"

Mo pe bàbá yẹn lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ irú ẹ̀ mọ́ níwájú àwọn ọmọ." Mo sọ fún un pé àwọn tó ń pè ní ọ̀lẹ yìí ni ajá ọlọ́pàá bù jẹ ní Birmingham ti Alabama ní 1963, kí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tó jáde ní 1964. Ìgbà ìjà wọn yẹn náà ni òfin ìwọ̀lú ti 1965 jáde, òfin tó pa ìlànà àtijọ́ rẹ́, èyí tó ṣílẹ̀kùn fún irú àwa láti wá síbí. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́ níbi tá a bá ti jọ wà.

Bàbá_Dúró

Àǹtí, mo gba ti Datix, mo sì gba ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lórí fíísà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí fún un. Mo mọ àwọn tí wọ́n rí àléébù mìíràn wá fún lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀. Àbúrò, tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan sílé, má fi sórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́.

Mojí_Bódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àǹtí, mo ti bá ọmọ Zimbabwe yẹn sọ ọ́. Ó ní ti òun pọ̀ ju tèmi lọ, òun kàn ń dákẹ́ ni. A máa jọ kọ Datix náà lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan. Aláìsàn ńkọ́? Ìyá àgbà kan wà tó ti ń ṣarán, ó ní kí n gbé ọwọ́ dúdú mi kúrò lára òun. Bàbá kan tún wà tí orí ẹ̀ pé, tó ní òyìnbó ni kí wọ́n wá bá òun di egbò. Ṣe ni wọ́n gbé ẹlòmíì lọ bá a, kò sì sí ẹni tó bi mí pé báwo ni.

Àǹtí_Lewisham

Má da àwọn méjèèjì pọ̀. Ìyá tó ń ṣarán, àìsàn ló gba ẹnu ẹ̀. Kúrò níwájú ẹ̀, padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, sọ orúkọ ẹ fún un, kó o sì mú ẹnì kan dání. Bó bá ṣì kọ̀, kí ẹlòmíì tọ́jú ẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀, kí ẹni tó máa gba ṣíìfù lẹ́yìn ẹ lè mọ̀.

Bàbá tí orí ẹ̀ pé, ìyẹn mọ ohun tó ń sọ. Láti oṣù Kẹrin 2020 ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ti sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn lè kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn tó ń hu irú ìwà yẹn sí òṣìṣẹ́, bí kì í bá ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́ fún un o, iṣẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni, òun ló yẹ kó dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì bàbá náà kó sì sọ fún un pé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló máa di egbò ẹ̀. Gbígbé ẹlòmíì lọ bá a láìsọ̀rọ̀ ló burú jù, torí pé ohun tó béèrè ni wọ́n fún un.

Fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọ́ọ̀dù, má sọ ọ́ lẹ́nu nìkan. Kọ ohun tí bàbá náà sọ, ẹni tí wọ́n rán lọ rọ́pò ẹ, kó o sì bi í pé kí ni wọ́ọ̀dù máa ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá dáhùn, ilé ìwòsàn NHS yín ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Freedom to Speak Up Guardian, tí òṣìṣẹ́ lè lọ bá sọ ohun tó ń dà á láàmú, orúkọ ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́lé ibi iṣẹ́ yín. Mú ímeèlì yẹn lọ bá a. Kó o tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọ́ọ̀dù, tó o bá fẹ́ kí n kà á wò, kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ níbí. Mo wà nílé láti Ọjọ́bọ̀.